Kí Ọ̀pá Alága Tó Kan Èjìká

Bàtà mi ni wọ́n bá nínú yàrá tó jóná náà. Awọ rẹ̀ ti jó tán, ṣùgbọ́n irin ìdè rẹ̀ kò jó. Kò sì sí ẹni tí kò mọ irin yẹn ní iléèwé wa, nítorí nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ já, bàbá mi tó jẹ́ jórinjórin ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ òmíràn tó sì dè é mọ́ ọn. Ọ̀gá iléèwé mú un dání níwájú gbogbo wa lórí ìlà àárọ̀. Ó ní yàrá ìkẹ́rùsí ti jóná, ìwé inú rẹ̀ ti di eérú, ẹnì kan ló wọ ibẹ̀ lọ fa sìgá. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni, kó bọ́ síta láti orí ìlà."

Ẹni tó yẹ kó bọ́ síta wà lẹ́yìn mi gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ni. Bàtà tirẹ̀ ti lanu bí ẹnu ọ̀nì lọ́jọ́ tó ṣáájú, mo sì bọ́ tèmi fún un, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mi. Mo lè dárúkọ rẹ̀, n kò dárúkọ rẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni, yóò bọ́ síta fúnra rẹ̀, kí n ṣáà ní sùúrù. Èémí yẹn ń lọ, ó ń bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Nígbà tí wọ́n wá fa èmi jáde, tí mo wá dárúkọ rẹ̀, ọ̀gá ní kí n má fi irọ́ kún iná. Ó bi ọ̀rẹ́ mi léèrè. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan.

Bí mo ṣe kúrò ní iléèwé nìyẹn. Bàbá mi gbé ìbòjú jórinjórin lé mi lójú, ó ní kí n má fi ojú lásán wo iná náà láéláé. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ ka ìwé títí, ó di olùkọ́, ó di ọ̀gá ní iléèwé yẹn kan náà, ó sì fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Ìdajì ìlú ló kọ́. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èmi ni wọ́n ń pè ní Jórin.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. N kò gbàgbé. Tí a bá pàdé lọ́nà, n kì í dáhùn ìkíni rẹ̀. Ìyàwó mi ti gbọ́ ìtàn bàtà náà débi pé tí mo bá ṣì í sọ, òun ló ń bá mi tún un ṣe.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ipò alága ìlú ṣí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti wọlé nínú ìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ ti wọlé tán, ìbò gbogboògbò tó kù, ká kàn lọ tẹ ìka bọ tàdáwà ni. Ọkùnrin agbaṣẹ́ṣe kan ló kọ́kọ́ jáde. Ó ní tí òun bá dé orí àga, òun yóò palẹ̀ ọgbà oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́, òun yóò kọ́ ilé ìtajà alájà síbẹ̀. Inú ọgbà yẹn ni àgọ́ mi wà, àgọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyàwó mi wà. Kò sí ibòmíràn nínú ìlú tí iná mànàmáná rẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ ńlá, kò sì sí onílé tó fẹ́ ariwo wa ní ìtòsí rẹ̀. Tí wọ́n bá lé wa níbẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe jáde. Kò pẹ́ tí Tíṣà náà fi jáde. Ohun kan náà tí mò ń sọ ló ń sọ, pé òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọgbà. Wọ́n ní kí ló dé tí kò fi sílẹ̀ fún mi, ó ní òun ò mọ̀ pé mo ti jáde. Bẹ́ẹ̀ rèé, àwòrán ìpolongo ìbò mi wà lára ògiri ilé rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ fi ń súnmọ́, kò sí ẹni tó nílò kó ṣírò fún ẹlòmíràn mọ́. Agbaṣẹ́ṣe ló wà níwájú, Tíṣà ń tẹ̀lé e, èmi ni mo gbẹ́yìn, mo sì gbẹ́yìn jìnnà. Ṣùgbọ́n tí a bá da àwọn èèyàn mi pọ̀ mọ́ ti Tíṣà, Agbaṣẹ́ṣe ò lè borí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ mo mọ ìwọ̀n irin tó gùn ju irin lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí a ṣe ń dìbò abẹ́nú lọ́dọ̀ wa. A kì í lo ìwé. Olùdíje kọ̀ọ̀kan á dúró sórí pápá, á gbé ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ sókè, àwọn tó fẹ́ ẹ á sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ ní ọ̀pá kan tó máa ń fi kan èjìká èèyàn kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà wọ́n. Olùdíje tó bá fẹ́ juwọ́ sílẹ̀ á gbé ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ fún, àwọn èèyàn rẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Ó lè ṣe é nígbàkígbà kí ọ̀pá Alága tó kan èjìká àkọ́kọ́. Tí ọ̀pá bá ti kan èjìká, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yẹsẹ̀ mọ́.

Ìyàwó mi kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tó fi bi mí.

"Bàbá àwọn ọmọ, ìgbà wo lẹ fẹ́ gbé e sílẹ̀?"

"Kí ni n óo gbé sílẹ̀?"

"Ẹrù tó kọ̀ tí kò jókòó lórí yín."

"Ta ló sọ fún ọ pé kò jókòó?"

"Ẹsẹ̀ mi ni. Mo ti rìn yí ọgbà yìí ká. Àwọn tó máa tò sẹ́yìn yín ò pọ̀ tó àwọn tó ń tò síwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀."

"Àwọn yẹn náà á dìbò."

"Tí wọ́n bá ṣe tán." Ó fi eyín gé òwú. "Ẹ gbọ́ mi. Tí ẹ bá gbé e sílẹ̀ lónìí, ẹ̀yin lẹ fúnni. Tó bá dọjọ́ ìbò kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀rù ló bà yín, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì gbà á. Tó bá wá kọjá ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín mọ́. Ó ti kan nìyẹn, bí ọbẹ̀ àná."

"Kí n gbé e fún Tíṣà?"

"Fún ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Kó kọ́kọ́ sọ ọ́."

Ó dá ẹ̀rọ dúró. "Bàtà yẹn. Kí n tó mọ̀ yín lẹ ti ń bá a gbé. Ìgbà míì ó máa ń ṣe mí bíi pé òun gan-an ni ìyálé mi."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ rẹ̀.

Baba Bátìrì ló mú Tíṣà wá sí àgọ́ mi. Baba yìí ló dàgbà jù nínú ọgbà, ó ti ń fi iná sí bátìrì ọkọ̀ láti ìgbà tí bàbá mi wà láyé, ásíìdì sì ti jẹ gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ bí ìgbà tí kòkòrò jẹ ewé. Mò ń jó géètì kan lọ́wọ́. Mo rí wọn, n kò dá iná dúró. Tíṣà dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀wù funfun rẹ̀, kò fara kan nǹkan kan.

"Jórin, o kú iṣẹ́."

Mo parí ojú ibi tí mò ń jó. Mo wá gbé ìbòjú sókè.

Baba Bátìrì jókòó sórí sìlíńdà gáàsì òfìfo kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mi ò mọ ohun tó wà láàárín yín, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé katakata kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi kó tó wólé. Ẹ yanjú ẹ̀."

Tíṣà ní, "Ohun kan náà la jọ ń fẹ́. Wá sẹ́yìn mi, Jórin. Màá fi ọ́ ṣe igbákejì."

"Ẹ̀yìn rẹ kẹ̀? Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi nígbà kan. Mo rántí dáadáa."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọ̀rọ̀ ìgbà èwe nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Ó wo Baba, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "O mọ̀ ọ́n."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ kí Baba náà mọ̀ ọ́n."

"Kí lẹ ń sọ gan-an?" Baba béèrè.

"Kì í ṣe èmi ni n óo sọ ọ́, Baba. Tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá sọ ọ́, wọ́n á ní ó ń ro ẹjọ́. Ìgbà tí ẹni tó ṣẹ̀ bá sọ ọ́ ló ń di òtítọ́." Mo kọjú sí Tíṣà. "Lọ́jọ́ ìbò, lórí pápá, lójú gbogbo èèyàn. Kí ọ̀pá Alága tó kan èjìká. Bí o bá ti sọ ọ́ tán, màá gbé ìbòjú mi sílẹ̀, màá sì rìn wá. Gbogbo àwọn èèyàn mi á tẹ̀lé mi."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wò ó, nínú àwọn tó máa tò sẹ́yìn mi, àwọn tí mo ti nà rí nítorí irọ́ ló pọ̀ jù. Tí mo bá la ẹnu sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á fọ́n ká mọ́ mi lójú. Agbaṣẹ́ṣe á wọlé, èmi àtìwọ á jọ pàdánù. Jẹ́ ká wọlé ná. Tí a bá wọlé tán, màá sọ ọ́."

"Mo ti dúró dè ọ́ lórí ìlà rí."

Tíṣà fi ẹ̀yìn rìn jáde, etí ẹ̀wù rẹ̀ sì kan géètì tí mò ń jó, ó dúdú. Baba Bátìrì wò mí títí, ó ní, "Jórin, orí rẹ le ju irin tí ò ń jó lọ. Irin a máa rọ̀."

Mo mọ̀ pé ohun tí Tíṣà sọ nípa àwọn ọmọ tó kọ́ kì í ṣe irọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí inú túbọ̀ bí mi. Ẹni tó fi irọ́ kọ́lé, ó wá ń bẹ̀ mí pé kí n má fa òpó rẹ̀ yọ torí pé èmi náà wà lábẹ́ òrùlé.

Orí pápá iléèwé wa àtijọ́ ni wọ́n ti dìbò. Wọ́n ti tún yàrá ìkẹ́rùsí yẹn kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Àwọn èèyàn Agbaṣẹ́ṣe tètè dé, wọ́n gba abẹ́ igi, ìlà wọn sì gùn títí dé ẹ̀yìn kíláàsì. Ó gbé akoto àwọn kọ́lékọ́lé rẹ̀ sókè. Tíṣà gbé agogo iléèwé sókè, ìlà tirẹ̀ náà gùn, obìnrin kan tó ti kọ́ rí sì ń fi agbòòrùn bò ó lórí. Èmi gbé ìbòjú mi sókè nínú oòrùn. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ni ìyàwó mi, Baba Bátìrì, díẹ̀ nínú àwọn ará ọgbà, àti àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi tí wọ́n ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n wà. Àwọn yẹn wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní ibi tí ọ̀gá àwọn bá dúró sí làwọn náà á dúró sí.

Agbaṣẹ́ṣe ké sí mi láti abẹ́ igi. "Ọ̀gá Jórin, ṣé kí n gé díẹ̀ fún yín nínú òjìji yìí ni?"

"Fi í pamọ́. Wàá nílò rẹ̀."

"Láti ìgbà tí mo ti ń díje, ẹ̀yin lẹ ràn mí lọ́wọ́ jù. Mo máa fún yín ní ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn kan lẹ́yìn tèmi náà rẹ́rìn-ín.

Alága ẹgbẹ́ jáde sáàárín pápá, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ dání. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀, kó bọ́ síta báyìí, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Tí ọ̀pá yìí bá ti kan èjìká, ó parí."

Tíṣà wò mí. Èmi náà wò ó. Gbogbo pápá ń wo àwa méjèèjì.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rìn," ìyàwó mi sọ lẹ́yìn mi.

"Mò ń dúró dè é."

"Ẹ rìn. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo ké sí Tíṣà. "Mò ń gbọ́ o."

Ó la ẹnu. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi, ọkùnrin yẹn la ẹnu, agogo tó gbé sókè sì ń gbọ̀n débi pé irin inú rẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Obìnrin tó di agbòòrùn mú tẹ orí wálẹ̀, ó bi í pé, "Tíṣà, ṣé kò sí nǹkan?" Ó wo ojú obìnrin náà. Ó pa ẹnu dé. Ó ní, "Kò sí. Oòrùn ni."

Ìyàwó mi gbé báàgì rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó la pápá náà kọjá láìwẹ̀yìn, ó lọ dúró ní ìparí ìlà Tíṣà. Baba Bátìrì tẹ̀lé e, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Àwọn ará ọgbà mélòó kan tẹ̀lé Baba. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi kò mira. Èmi ni mo kọ́ wọn pé bí wọ́n bá di irin mú, wọn kò gbọdọ̀ mira títí ọ̀gá á fi ní ó tó. Wọ́n ń wo ìbòjú. Ìbòjú ṣì wà lókè. Apá mi ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó wà lókè.

Alága rìn lọ síbi ìlà Agbaṣẹ́ṣe. Ọ̀pá kan èjìká.

Nígbà tí wọ́n kà á tán, Agbaṣẹ́ṣe fi díẹ̀ ju Tíṣà lọ. Díẹ̀ ni. Àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn mi nínú oòrùn ìbá dí i, ìbá sì kù. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, mo yíjú wẹ̀yìn, mo rí wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ká máa lọlé?" Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé e síwájú mi, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ tí wọ́n gbé wá fún un láti rán ń dínkù, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé aṣọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ lé. Lọ́jọ́ kan mo bi í bóyá inú ń bí i sí mi.

"Rárá," ó ní. "Inú ń bíni sí nǹkan tó ṣì lè yí padà."

Àwọn kan máa ń bi mí títí dòní pé ìgbà wo ló yẹ kí ẹni tó gbẹ́yìn juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n rò pé torí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi, mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá tún tò wá síbẹ̀ lọ́la, n óo tún gbé ìbòjú sókè, n óo tún máa dúró de ẹnu Tíṣà. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn ò sọ ohun tó kù fún òtítọ́ láti ṣe níbẹ̀ nígbà tó bá dé.

Katakata dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì ṣì wà lórí páànù. Wọ́n ti fún wa láyè kí a kó ẹrù wa, àmọ́ ta ni ó fẹ́ gbà gbọ́ títí wọ́n á fi dé. Gbogbo ọgbà tò láti àgọ́ mi títí dé ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró sí, wọ́n ń na páànù àti irin síra wọn lọ́wọ́. Ìyàwó mi gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sábẹ́ apá bí ọmọ. Mò ń tú ògiri tí bàbá mi jó. Ó jó o dáadáa, kò fẹ́ tú.

Ìgbà tí mo gbé páànù kan jáde ni mo rí Tíṣà lórí ìlà náà. N kò mọ ìgbà tó dé. Ìpẹtà ti ta sára ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó ń gba irin lọ́wọ́ Baba Bátìrì, ó ń nà án fún ẹni tó tẹ̀lé e. N kò kí i. Mo gbé páànù náà sílẹ̀, mo padà sínú.

Awakọ̀ katakata tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí wa, ó pariwo láti òkè pé, "Ẹni tó bá ṣì wà nínú ibẹ̀, kó bọ́ síta."

Mo jáde. N kò rí nǹkan mìíràn mú dání ju ìbòjú mi lọ. Nígbà náà ni Tíṣà gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bọ́ síta láti orí ìlà, ó dúró síwájú gbogbo èèyàn, apá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ti ọmọ iléèwé. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Katakata ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀, a kò gbọ́ nǹkan kan.

"Kí ló wí?" Baba Bátìrì béèrè.

"Ó ń sọ nǹkan kan nípa bàtà," ẹnì kan dáhùn.

Ìyàwó mi gbé orí ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀.

"Sọ ọ́ sókè, Tíṣà," Baba ní. "A ò gbọ́ ẹ."

Ògiri bàbá mi kọ́kọ́ tẹ̀, ó wá wó. Tíṣà kò wẹ̀yìn wò ó. Èmi ló ń wò. Ó gbé ohùn sókè bó ṣe máa ń gbé e sókè ní iwájú kíláàsì, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́.

"Èmi ni mo sun yàrá iléèwé. Jórin yá mi ní bàtà rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ló wà, ó bọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nígbà tí mò ń sá jáde. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà, wọ́n ní kí ẹni tó ṣe é bọ́ síta, mi ò bọ́ síta. Wọ́n bi mí, mo ní mi ò mọ nǹkan kan. Èmi ni. Kì í ṣe òun. Èmi ni."